Àna Kúnlẹ̀ Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohun tó ń ba Salimat lẹ́rù nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró ìyá rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

Ọsibítù ni wọ́n ti ń bọ̀. Màmá Ìsíátù ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Dókítà ní kó rìn, ó rìn dáadáa. Ó ní kó máa rìn, kó sì máa dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò tíì dárúkọ ẹnì kẹta tán tí ara rẹ̀ fi yẹ̀. Wọ́n sáré gbá a mú.

"Ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan, Màmá," ni dókítà wí. "Tí ẹ bá ti ń ro nǹkan mìíràn ni ẹsẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́. Tí ẹ bá tún ṣubú, egungun ìbàdí lè kán o."

"Kí n wá yadi? Kí wọ́n kí mi, kí n máa wò bọ̀ọ̀?"

Lórí afárá báyìí, ó ku àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án.

"Ìyá, ẹ káàsán o!" Obìnrin tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ni.

"Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ—"

Ẹsẹ̀ Màmá fo àtẹ̀gùn kan. Salimat fa ìró náà.

"Màmá, mo ní kí ẹ má dáhùn!"

"Kí wọ́n lè sọ pé mò ń gbéraga, àbí?"

Àlhájà Lateefah ló ń gòkè bọ̀ yẹn, ìyá Abdulhafeez, ọkọ tí Nafeesah ọmọ Salimat máa fẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀.

"Yéè, Màmá wa!" Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín èrò. "Ẹ káàsán mà. Àwọn ẹbí yín ní Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa dé fún ìgbéyàwó? Èèyàn mélòó ni ká máa retí?"

Màmá la ẹnu. Ojú rẹ̀ lọ sókè, ó ń ṣírò. Ẹsẹ̀ kan wà lókè. Salimat ò lè pariwo; tó bá pariwo, ìyá á ta gìrì.

Màmá pa ẹnu dé. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ó di irin mú, ó gba ẹ̀gbẹ́ àna rẹ̀ kọjá. Kò ní kó dìde.

"Ha! Ìyá Nafeesah, kí ni mo ṣe? Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà," ọkùnrin kan kígbe, "ibí kì í ṣe mọ́ṣáláṣí!"

Ó ku àtẹ̀gùn márùn-ún. Salimat sún mọ́ etí ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé kí n ṣàlàyé fún wọn ni? Àbí ẹ̀yin lẹ máa—"

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ni Màmá wí, láìwẹ̀yìn.

Lateefah tún pè wọ́n lókè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.