Gbólóhùn Méjì Tí Ọ̀mọ̀wé Sọ ní Imasayi

Ọ̀mọ̀wé Adédọ̀tun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì kan lẹ́bàá Ayétòrò. Òun fúnra rẹ̀ kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ nílé iṣẹ́ ìròyìn rí, ṣùgbọ́n ó ti kọ ìwé mẹ́rin nípa rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlaròó ní àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ kan péré láti wá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé ní ẹni tí ìròyìn rẹ̀ bá dára jù nípa ayẹyẹ ṣíṣí ẹ̀rọ gàrí ní Imasayi ni òun máa kọ lẹ́tà fún. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé òun gan-an ni olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ má baà ṣi òun gbọ́, ó ti fi gbogbo ojú ewé mọ́kànlá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù láti ọjọ́ méjì ṣáájú.

Toyibat, ọmọ àgbẹ̀ láti Tube, fẹ́ àyè yẹn débi pé ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí i gbà. Nàfíù náà fẹ́ ẹ. Ó ti ra jákẹ́ẹ̀tì alápò mẹ́sàn-án, ó sì fi káàdì akọ̀ròyìn tó lọ tẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́rùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀mọ̀wé kó ìwé wọn wọ kíláàsì. Ó ka ti Nàfíù sókè: “Ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé àgbà náà mi gbọ̀ngán tìtì, bàbá arúgbó kan sì sunkún.” Abẹ́ kánópì ni gbogbo wọn jókòó sí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ìwé náà sọ́tọ̀.

Ó dé orí ti Toyibat. Ó kà á báyìí: “Àwọn obìnrin Imasayi ti rin àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́fà kí àwọn àlejò tó ráyè ṣí ẹ̀rọ náà fún wọn.”

“Toyibat, orúkọ mi dà?”

“Ó wà ní ìpínrọ̀ kẹfà, sà.”

Ó wá a kàn: Ọ̀mọ̀wé Adédọ̀tun dìde, ó sọ gbólóhùn méjì, ariwo ẹ̀rọ bo ohùn rẹ̀, ó sì jókòó.

“Ẹ̀yìn ẹ̀gẹ́ lo tò mí sí.”

“Ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, sà. Aago mẹ́sàn-án ni ìwé ìpè wí, ọ̀sán gangan lẹ dé. Màmá Modinat, olórí wọn, ní ẹ̀gẹ́ tí àwọn ti bẹ kì í dúró de àlejò.”

Nàfíù dá sí i. “Sà, àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ta ní ń lọ bi onígàrí léèrè ọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀mọ̀wé bá wà?”

“Ẹ̀gbọ́n Nàfíù,” ni Toyibat wí, “bàbá tó sunkún yẹn, kí lorúkọ wọn?”

Nàfíù tú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò sí bàbá kankan níbẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀mọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Sà,” ni Toyibat tún wí, “bí rédíò bá ka ti Nàfíù, wọ́n á gbọ́ ọ ní Imasayi. Gbogbo wọn ló sì wà níbẹ̀.”

Ọ̀mọ̀wé ń wo ojú àwọn obìnrin náà lọ́kàn, wọ́n jókòó ti gàrí, wọ́n ń fi òun ṣẹ̀rín láti ìdí agbada kan dé òmíràn. Ó fa bébà kan yọ nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ lo máa lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta ni mo sọ.”

Toyibat fa fóònù yọ, ó tẹ ohùn tó ti gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ náà. Ẹ̀rọ ń hó yaya, ohùn Ọ̀mọ̀wé sì ń jáde láàárín rẹ̀ bí ẹni ń pe ọlọ́kọ̀ tó ti kọjá lọ. Gbogbo kíláàsì ń fi ìka kà á.

“Méjì ni, sà.”

“Méjì náà ni,” ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó kọ lẹ́tà náà, ó buwọ́ lù ú, ó wá ń to gbogbo oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ títí bébà fi fẹ́ẹ̀ tán. Toyibat dúró jẹ́ẹ́ kó tò ó tán, ó sì gba lẹ́tà rẹ̀.