Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn, kò sẹ́ni tó ń dá bàtà méjèèjì ṣe. Ẹnì kan á ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹlòmíràn á ṣe ẹsẹ̀ òsì. Bàbá àgbà tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ló dá ọgbọ́n yìí. Ọmọkùnrin méjì ló bí, kò sì fẹ́ kí wọ́n tú ká láéláé, ló bá kọ́ ẹ̀gbọ́n ní ọ̀tún, ó kọ́ àbúrò ní òsì. Ó ní kí wọ́n máa jà bó bá wù wọ́n, kò sí oníbàárà tí yóò ra bàtà ẹsẹ̀ kan. Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà! Ká má purọ́ fúnra wa, okùn ló fi dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọdún méje sẹ́yìn ni àbúrò ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wá jókòó ti bàtà ọ̀tún lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló lọ jókòó sórí àpótí àbúrò bàbá rẹ̀, tó mú abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ó tín-ín-rín bí ọwọ̀, àmọ́ bó bá fa awọ sórí ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń mọ bàtà, awọ á mọ̀ pé òun ti pàdé ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ojú irin ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, bó bá sì ti ń bọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á máa wo awakọ̀ láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ ojú irin. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Wọ́n ní kó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá pẹ́, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ló sọ fún bàbá rẹ̀.

"Ta ni yóò wá máa ṣe òsì?" ni bàbá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Màá kọ́ yín kí n tó lọ."

"Èmi? Pẹ̀lú ewú orí mi yìí, kí ọmọ tí mo bí máa kọ́ mi ní bàtà?" Ó pòṣé. "Ọ̀tún ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Ọ̀tún ni n ó ṣe kú."

Ìyá rẹ̀ sáré wọlé. "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa bàbá ẹ ni?"

"Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, Màámi. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ilé ìdáná lọ, ó sunkún dáadáa, nítorí ó dùn ún wọra. Ó bọ́jú, ó padà wá, ó sì gbé ẹsẹ̀ onígi ti òsì síwájú bàbá rẹ̀. Bàbá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ó tún gbé e síbẹ̀, bàbá tún tì í. Òun náà kò sì ṣe bàtà òsì kankan mọ́, torí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣì ń ṣe é, bàbá òun kò ní kọ́ ọ láé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tíṣà kan wá gba bàtà rẹ̀. Wọ́n gbé ẹyọ kan fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé wá síbí nígbà tí ẹ wọ̀n mí o!"

Bàbá wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọwọ́ ń yún ọmọ náà burúkú. Iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ni, ì bá ti bò wọ́n láṣìírí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní kí tíṣà padà wá ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí tíṣà lọ, ó fa ẹsẹ̀ onígi náà mọ́ra.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé báàgì. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà tuntun méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó wọ̀ ọ́. Ọ̀tún gún régé. Òsì wọ́ sápá kan, okùn tí wọ́n fi rán an rí wọ́gọwọ̀gọ. Ó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Sọ pé ó bá ẹ mu," ni ìyá rẹ̀ rọra sọ sí i létí.

Ṣùgbọ́n ṣúmékà kì í purọ́ fún ṣúmékà. "Ó ń há mi níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, Bàbá. Ẹ ò fa awọ yẹn tó."

Bàbá lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. "Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ò tíì gbà á. Bọ́ ọ, jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ọkọ̀ ò ní dúró dè mí."

Bàbá dìde. "Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní ìsinmi, gbé e wá."

"Màá gbé e wá, Bàbá."

Ó kúnlẹ̀ fún un, ó dìde, ó sì ń tiro lọ ní àárín títì, omi lójú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Kó tó yà ní kọ̀rọ̀, ó gbọ́ ìró òòlù láti ṣọ́ọ̀bù, ó rọra ń dún, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bàtà tíṣà ni, ẹsẹ̀ òsì.