Ẹsẹ̀ Irin

Ẹsẹ̀ irin méjèèjì ẹ̀rọ náà tún wọ inú ẹyìn lọ: kì, wọ́ọ́. Kì, wọ́ọ́. Epo kò yọ.

Ọmọba Adétóun lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn fún epo, ó ń wo omi tó pọ́n bí ẹrẹ̀. Nígbà tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ yìí ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní Àkúrẹ́, ohun tó fẹ́ ni pé kí obìnrin kankan má fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn mọ́ ní Ìjù-Odò. Òní ni Olóyè Ọdúnlámì, àbúrò bàbá rẹ̀, yóò sọ bóyá ẹ̀rọ náà á dúró tàbí wọn á hú u dànù.

"Ọmọba," Olóyè ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, "bí bẹntiróòlù ṣe dàwátì lọ́dún yìí, omi pupa lo wá fi sè fún wa?"

Àwọn obìnrin ẹkù rẹ́rìn-ín. Catherine, olórí wọn, kò rẹ́rìn-ín.

"O ò tíì pè é," ló wí.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹkù gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó kú kẹ́yìn nínú àwọn tó ń tẹ ẹyìn níbẹ̀, kó gbààyè. Fúnmilọ́lá lẹni náà, ìyá Adétóun, tó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Òun ló lé ọmọ rẹ̀ kúrò létí ẹkù láti kékeré. "Ọmọba kì í tẹ ẹyìn. Lọ sílé bàbá ẹ." Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ ikú rẹ̀, Adétóun kò wá. Ó búra pé orúkọ náà ò ní ti ẹnu òun jáde mọ́. Wọ́n ní ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tirẹ̀, kò sọ ọ́ rí.

"Ìyá, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ kì í gbààyè."

"Ẹ̀rọ tó ń rìn, kò ní ìyá ni?"

Irin òsì tún wọ́. Adétóun ti bá wẹ́dà tó jó irin náà jà nítorí rẹ̀. Wẹ́dà ní bí àwòrán ṣe wí lòun ṣe jó o.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹyẹ inú ọ̀pẹ pàápàá dákẹ́.

Kì, wọ́ọ́.

Ẹ̀rín àwọn obìnrin dá. Irin méjèèjì dúró gbagidi, ṣùgbọ́n ẹyìn ń tẹ̀ nínú ẹkù: kòtò kan á jìn, ipa gígùn kan á tẹ̀lé e. Ipa ẹsẹ̀ náà yí ẹkù ká, ó sì dúró síwájú Adétóun. Olóyè ti wà lójú ọ̀nà ilé, fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀.

Adétóun wo irin òsì. Ó kúrú ju ọ̀tún lọ. Wẹ́dà kò jẹ̀bi; bẹ́ẹ̀ gan-an ni Adétóun ṣe yà á. Ìró kan ṣoṣo ló mọ̀ fún ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹyìn, èyí tó ń gbọ́ lọ́mọdé láti ìta, níbi tí wọ́n ní kó dúró sí.

Ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ bọ ẹkù.

Ohun kan gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú lábẹ́ omi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè jẹ́jẹ́, ó dá a padà sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Catherine wá dúró tì í. Ẹyìn gbígbóná ti bó ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà títí dé ọrùn ẹsẹ̀, awọ rẹ̀ súnkì bí èèpo igi. Adétóun wo ti Catherine, ó wo tirẹ̀ tó ń dán, tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹyìn kàn rí.

"Fúnmilọ́lá," ó ní.

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.