Ata Tí Mo Fi Dán Ọmọ Mi Wò

Bí Akínlolú ọmọ mi bá sọ fún yín pé mo ti ń ṣarán, ẹ má dá a lóhùn. Ìwádìí ni mò ń ṣe. Òun ló ti Hamburg wá lẹ ẹ̀rọ kéékèèké káàkiri ilé mi ní Marzahn nílẹ̀ Jámánì níbí: ti ilẹ̀kùn, ti fíríìjì, àti Rauchmelder, èyí tó ń gbóòórùn èéfín, lókè àjà. Bí ohunkóhun bá ṣe, fóònù rẹ̀ á dún lọ́hùn-ún. Bí mo bá ṣí fíríìjì pẹ́, á pè: "Mọ́mì, ẹ ti fíríìjì o." Mo máa ń bú u, àmọ́ ká sòótọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Àfi bí ìpè ṣe dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Mo ṣí fíríìjì títí omi fi ń kán sílẹ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ni mo bá bi í.

"Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Mọ́mì. Ọ̀gá mi ti ń kùn. Mo ti pa ariwo àwọn ẹ̀rọ yẹn, ó ku ti iná nìkan. Ìyẹn á dún bí mo tilẹ̀ pa fóònù lẹ́nu."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Kò dá èmi lójú ní tèmi. Ìyá ará Vietnam tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Èmi nìkan ni mo sì ń gbé. Bí nǹkan bá ṣe mí, ṣé ọmọ yìí máa gbọ́? Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ni mo bá gbé páànù kaná, mo da ata gbígbẹ sí i.

Mo ti ro ohun tí màá wí bó bá pè: "O káre, ọmọ mi." Yéè! Ata ò bá mi ṣeré. Rauchmelder figbe ta, fóònù dún lójú ẹsẹ̀, mo gbé e, ikọ́ ló jáde.

"Mọ́mì! Ibo lẹ wà?"

Ikọ́. Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ọ̀fun mi ti dí. Mò ń gbọ́ àwọn èrò ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kùn lédè Jámánì pé kí ló dé tí bọ́ọ̀sì dúró.

"Ẹ jáde síta! Fóònù Leonie náà ti dún, ó ń bọ̀! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú!"

Leonie aládùúgbò mi, tí kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí Akínlolú sì ti so ẹ̀rọ èéfín mọ́ fóònù rẹ̀ láìsọ fún mi, já wọlé láìwọ bàtà. Ó pa iná ìdáná, ó ṣí fèrèsé, òun náà ń wúkọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń sọ fún un lédè wọn pé ilé ò jóná, ata ni.

Ni mo bá gbọ́ ẹkún Akínlolú. Àgbàlagbà tó ti ń hu ewú, nínú aṣọ iṣẹ́, lójú gbogbo èrò! Ohun tí mò ń wá ni mo rí yẹn o, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Mo gba fóònù padà.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gbọ́ ni."

Ó fọn ikun rẹ̀.

"Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ mọ̀, ẹ kàn pè mí."