Bí Baba Jìnnìjìnnì Ṣe Wọ Wọ́ọ̀dù

Tíṣà kò bẹ̀rù nǹkan kan láyé yìí, àfi ilẹ̀. Ilẹ̀ lásán o, ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi ọṣẹ nù láràárọ̀. Láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ tí eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán, kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, eegun ti jinná, dókítà ní kó dìde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, ìró "pá!" tí eegun náà dún lọ́jọ́ náà ni yóò tún gbọ́. "Ó dọ̀la," ni yóò wí fún obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn, yóò sì fa aṣọ bora.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wá bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Tíṣà ń gbé, òun àti àwọn ìwé tó ti ń kó jọ láti ìgbà ọ̀dọ́.

"Bàbá mi, bí ẹ ò bá lè rìn, ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ó máa bọ̀. A ó wá ayálégbé sílé yín."

"Àwọn ìwé mi ńkọ́?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọsàn sórí tábìlì.

Pẹ́ńtà ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó já bọ́ lórí àkàbà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kán, tí wọ́n wá fi pí-ò-pí dì wọ́n. Ìwé Baba Jìnnìjìnnì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ta ni kò mọ Baba Jìnnìjìnnì? Òǹkọ̀wé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òkú àti iwin ni iṣẹ́ rẹ̀, tí ìwé tuntun rẹ̀ kì í jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ tutù lọ́wọ́ èèyàn kó tó dé. Tíṣà kò gba tirẹ̀ rí. Ní gbogbo ìgbà tó fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀, bó bá ká ìwé rẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, gbígbà ni yóò gbà á. "Ẹni tó ń kọ̀wé bí ẹni ń yan búrẹ́dì," ló máa ń wí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á," Pẹ́ńtà bẹ̀ ẹ́. "Ọwọ́ mi ò lè ṣíwèé. Ibi tó dùn gan-an ni mo dé tí àkàbà fi gbé mi ṣánlẹ̀."

"Ṣé orí àkàbà lo ti ń kàwé ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, sà."

"Ìwé radaràda," ni Dírẹ́bà wí láti bẹ́ẹ̀dì ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán kọ́ sí. "Nígbà tébi ń pa ọkùnrin yẹn, ó mọ̀wé kọ. Àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè dá wọ balùwẹ̀ lẹ́yìn tí mo kà wọ́n! Ó wá lówó tán, ó ń fa ọ̀rọ̀ bíi rọ́bà. Kò sì mọ̀tàn parí."

"Ìwọ tó o ti ka gbogbo ẹ̀ tán!" ni Pẹ́ńtà wí.

"Mo ń kà á kí n lè mọ bó ṣe bà jẹ́ tó ni."

Tíṣà gbà láti kà á. Kì í ṣe àánú ló ṣe é o. Ó fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù fi etí ara wọn gbọ́ bí ìwé náà ṣe burú tó ni. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó fi ohùn yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn opó kan tó ń gbọ́ sálúbàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ní yàrá òkè: ṣáá... ṣáá... Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ewé, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, Tíṣà pàápàá kò sì mọ ìgbà tí ohùn yẹ̀yẹ́ bọ́ lẹ́nu òun. Kò sí gbólóhùn ńlá kankan níbẹ̀. Obìnrin kan ń fọ abọ́, omi ń kán, sálúbàtà ń wọ́lẹ̀ lókè. Síbẹ̀ irun ọwọ́ Tíṣà dìde. Ẹ̀rù ń ba opó yìí débi pé eyín rẹ̀ ń pa keke, ṣùgbọ́n kò sá. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. "Ó ti sú u láti máa gbọ́," ni Baba Jìnnìjìnnì kọ. "Ó fẹ́ fojú rí i."

Tíṣà dánu dúró. Háà! Ọkùnrin tí kò rí òun rí, báwo ló ṣe mọ̀ nípa ìró "pá!" tí òun ń gbọ́?

"Ẹ máa kà á lọ, sà!" ni Pẹ́ńtà wí.

Opó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Mo ti mọbi tó ń lọ!" Dírẹ́bà pariwo. "Kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó ṣe máa ń tanni jẹ nìyẹn!"

"Panu ẹ mọ́!" Pẹ́ńtà jágbe mọ́ ọn.

Làásìgbò dé. Àwọn kan gbè sẹ́yìn Pẹ́ńtà, àwọn kan gbè sẹ́yìn Dírẹ́bà, ẹnìkan sọ ọsàn Tíṣà lu ògiri. Nọ́ọ̀sì Àgbà já wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Tíṣà, ó fi há abíyá. "Ó di ìgbà tí ara bá balẹ̀," ló wí, ó sì lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Tíṣà wo àjà, ilẹ̀kùn ló rí. Ó pajú dé, ilẹ̀kùn náà ni. Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kò dáhùn. Ó tún pè é. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ká aṣọ kúrò lára, ó fẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di irin tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìrìn mú.

Pẹ́ńtà ló kọ́kọ́ rí i. Ó forí ṣe àmì sí Dírẹ́bà. Dírẹ́bà fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn ń wo Tíṣà bó ṣe ń lọ nínú aṣọ funfun ilé ìwòsàn, ṣáá... ṣáá... Kò sẹ́ni tó mí, kí Tíṣà má baà rántí pé òun kì í rìn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà kò gbọ́ ìpè rẹ̀ nítorí ó ti ṣí ìwé náà. Òun náà ti dé ibi ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ sálúbàtà, ó rò pé inú ìwé ni. Ó gbójú sókè, ó rí aláṣọ funfun kan tó dúró lé e lórí, ọkùnrin tí òun mọ̀ pé kì í dìde. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní géètì.

"Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?" Tíṣà bi í.

Nọ́ọ̀sì kàn ń nàka sí ilẹ̀, sí ẹsẹ̀ méjì tó dúró níbẹ̀. Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán réré. Ìró "pá!" yẹn kò dún rárá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ọkùnrin yẹn mọ̀wé kọ," ló wí. "Ẹ bá mi pe ọmọ mi. Ẹ ní kó má wá ayálégbé kankan o. Mo fẹ́ wá àyè fún ìwé kan sí i nílé."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìparí ẹ̀ ná!" Dírẹ́bà kígbe láti inú wọ́ọ̀dù.

Tíṣà gba ìwé náà, ó fi há abíyá, ó sì yí padà láti lọ kà á fún wọn.