Èjìká Òsì

"Fi táì sí i lọ́rùn," ni bàbá kékeré wí. Ó na ìka débi pé díẹ̀ ló kù kí ó kan ọ̀dà tútù tó wà lára àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán náà yára fi àwo omi rẹ̀ dí i lọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò tíì gbẹ."

"Kóo sì wọ kóòtù tuntun fún un. Àwòrán ṣá ni, kò ní pariwo."

"Bàbá mi ò wọ táì rí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé. Gbogbo ọdún tóo lò ní yunifásítì, omi lo wá ń pò nílé."

Ìyá rẹ̀, tí ó ń lọ aṣọ nínú yàrá, bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Òun ló ra férémù tí wọn yóò fi àwòrán náà sí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹbí bá péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe pa pátápátá lónìí. Ṣùgbọ́n ṣé torí férémù ni wọn yóò ṣe pa irọ́ mọ́ ọn lára? Kóòtù gbígbó tí bàbá rẹ̀ wọ̀ nínú fọ́tò tí ó ń wò yà á ló ń ti bàbá kékeré lójú, ìyẹn ló sì ń bí ọmọbìnrin náà nínú. Irú wọn pọ̀, àwọn tí kò fẹ́ kí ògiri pàápàá mọ ibi tí wọ́n ti wá. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Òun kò ní fi búrọ́ṣì òun ṣègbè.

Ó tún bojú wo fọ́tò náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ìwé ni wọ́n yà á, nínú ṣọ́ọ̀bù fọtógíráfà tí ó kọjú sí géètì. Bàbá dúró bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ó gbàgbé iṣẹ́ náà. Òun dì í lọ́wọ́ mú, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, aṣọ rẹ̀ funfun báláú.

Funfun yẹn ló gba òwúrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ọ̀dà olómi kì í kun funfun. Bébà fúnra rẹ̀ ni funfun. Ibi tí o bá fẹ́ kí ó mọ́, ìwọ ni yóò ṣọ́ ọ kí omi má baà kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mú búrọ́ṣì yí etí aṣọ ọmọ náà po, bí ẹni tí ń rìn létí kànga.

Ìyá rẹ̀ jáde, ó sì wò ó títí.

"Ó jọ wọ́n gan-an. O ṣeun, ọmọ mi." Ó nawọ́ sí fọ́tò náà. "Ibi tó dúdú léjìká wọn ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́, Màámi. Àbàwọ́n ni, fọ́tò yẹn ti gbó."

"Àbàwọ́n kẹ̀? Òjò ni." Ìyá rẹ̀ jókòó. "Láti ilé dé ilé-ìwé ló fi rọ̀. Agbòjò kan ṣoṣo la ní, kò sì fẹ̀ ju ọmọrí ìkòkò lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ ni bàbá ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sí. Èmi dé ọ̀rá sórí lẹ́yìn yín bí ẹrù ọjà. Nígbà tá a fi débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ti rin gbingbin. Fọtógíráfà ní òun á yá wọn ní kóòtù, tòun ti táì. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu, kó tètè yà á, kí ọmọ má pẹ́ níléèwé."

Bàbá kékeré fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún mi. Mo rò pé kóòtù ọ̀hún ti gbó ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, sà," ni ọmọbìnrin náà fèsì. Ìbínú tí ó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ wá olówó rẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀nà òun fúnra rẹ̀ ló yà sí. Ẹnì kan fẹ́ fi táì kún bàbá rẹ̀. Òun ti fọ òjò kúrò lára rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Fi táì sílẹ̀," ni bàbá kékeré sọ jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin náà mú búrọ́ṣì mìíràn, ó fi omi lásán rin èjìká òsì náà, ó sì kán ẹ̀kán ọ̀dà dúdú kan ṣoṣo sí i. Omi gbà á, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn dé ìgbọ̀nwọ́, dé ẹ̀gbẹ́ apá ọmọ kékeré náà.

"Kò ní kan aṣọ funfun yẹn báyìí?" Bàbá kékeré ti dìde.

"Kò ní kàn án, sà. Ibẹ̀ gbẹ."

Dúdú náà dé etí aṣọ funfun, ó sì dúró.

Ọmọbìnrin náà gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Ó wo ọrùn aṣọ ọmọ náà, ó wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀, ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀kán omi kan kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ń wo fọ́tò yìí, ó rò pé àwọ̀ aṣọ lásán ni funfun yẹn.