Ṣákiṣàki Nínú Ẹnu Bùtà

Ohun tó yọ́ bọ́ sẹ́nu Kàsímù láti inú bùtà àlùwàlá kì í ṣe omi. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó sì gùn tó ìfun ewúrẹ́. Kàsímù tu ú dànù. Ó tún tu. Ó tu itọ́ débi pé, bí itọ́ bá ń mú ọ̀sà kún, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ì bá ti rì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá Jíbrílù, ládàánì mọ́ṣáláṣí náà, yọjú wo ẹnu bùtà tiwọn, wọ́n sì jù ú nù bí ẹni gbá ejò mú.

"Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an á kọ̀ ọ́! Bùtà tí a ò tíì lò tó oṣù méjì! Ta ló ṣe ìríra yìí?"

"Yẹ̀kínì ni, Bàbá," Kàsímù dáhùn kíá. "Ará Ìjẹ̀bú tó ń gbẹ́ móòdù, irin tí wọ́n fi ń ṣe bùtà, l'Ólówógbowó. Ìdọ̀tí èèyàn ni."

Kò sọ pé òun lòun ya àwòrán bùtà náà. Ọ́fíìsì Àlájà Sàfúrátù, tó ń ṣe ohun èlò oníke, ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí kọ̀mpútà ti dé ibẹ̀ lọ́dún 1994 ni Kàsímù ti ju rúlà nù, tó ń fọ́nnu pé tí wọ́n bá fún òun láyè, òun á ya gbogbo ẹ̀fọn Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú eyín wọn. Nígbà tí ẹjọ́ bùtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé, orúkọ Yẹ̀kínì ló fún Àlájà. Àlájà ní kó lọ gba móòdù wá lónìí. Yẹ̀kínì ò ní ṣiṣẹ́ fún òun mọ́ láéláé.

Kàmọ́rù, dírẹ́bà Àlájà, gbé e dé Ólówógbowó. Kàsímù já wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bùtà àárọ̀ náà ka iwájú àgbàlagbà tó ń fi fáìlì ha irin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn iṣẹ́ ọwọ́ yín! Ohun tí wọ́n fi ń fọ ẹnu lọ bá Ọlọ́run lẹ sọ di ilé àkèré! Ṣé kì í rí yín lára ni?"

Yẹ̀kínì gbé fáìlì sílẹ̀. Ó mú ayùn, ó la ẹnu bùtà náà sí méjì lóòró. Òórùn tó jáde, òkú ọjọ́ mẹ́ta ì bá dìde wá ibòmíì sùn. Ohun aláwọ̀ ewé kan kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ó nípọn bí ọbẹ̀ àná, ó ń fà tìn-ìn-tìn. Kàsímù di imú. Yẹ̀kínì bu omi sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí ojú ike fi hàn: ṣákiṣàki ni, onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, wọ́n tò tẹ̀léra wọn dé ìdí.

Kàsímù mọ àwọn onígun mẹ́ta náà bí ìyá ṣe ń mọ ojú ọmọ.

"Ibi ìdìmú nìkan ló yẹ kó rí báyìí," ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "kí ọwọ́ tútù má baà yọ̀. Inú ẹnu ẹ̀ yẹ kó máa dán, kí ìdọ̀tí má baà rí ibi dì mọ́."

"Ìwọ lo wá ń sọ fún mi?" Yẹ̀kínì tú àwòrán sílẹ̀. Àtòkè délẹ̀ bùtà ni onígun mẹ́ta bò. Ọfà kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì sì wà lẹ́nu ọfà: *gbogbo ojú*. "Mo ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní irin àfibọ̀ tó ń dá ihò ẹnu bùtà sí ńkọ́, ṣé kí n fi ásíìdì ya onígun mẹ́ta sára tòun náà? Irin tí ásíìdì bá ti jẹ kì í ṣe é bẹ̀ o. Wo èsì rẹ."

Ó yí pépà náà padà. Ọwọ́ Kàsímù ló kọ ọ́: *Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ ṣe. Kọ̀mpútà kì í ṣàṣìṣe.*

Ó rántí. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló tẹ̀ tí onígun mẹ́ta fi bo gbogbo bùtà. Kó tó fa ààlà yí ìdìmú ká, kó sì ya irin àfibọ̀ lọ́tọ̀, á tó ìdajì ọjọ́, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní Lafiaji. Eérú kì í ṣìnà. Ẹni tó dà á ló ń tọ̀ lọ.

Fèrè ọkọ̀ dún lóde. "Bọ̀ọ̀dá Kàsímù! Ṣé kí n wá gbé irin náà? Àlájà ní ká má pẹ́ o!"

"Ẹ gbé e," Yẹ̀kínì sọ, ó ti ń ká àwòrán. "Irin wọn ni. Èmi ò gbé pépà tọ ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló máa gbà mí gbọ́ ju kọ̀mpútà lọ?"

Kàsímù, tí ẹnu rẹ̀ lè ta okùn fún ẹni tí kò léran, yí padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó jáde síta.

"Kàmọ́rù, máa lọ. Sọ fún Àlájà pé kò sóhun tó ṣe móòdù. Àwòrán mi ló bà á jẹ́. Mò ń bọ̀ wá fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Hàà! Wọ́n máa lé yín dànù o!"

"Mo ní máa lọ."

Nígbà tó wọlé padà, ó tọrọ rúlà àti pẹ́ńsùlù. Yẹ̀kínì tẹ́ pépà òfìfo fún un. Ó ya ìdìmú, ó ya irin àfibọ̀ lọ́tọ̀, ó wá dúró, kò mọ ibi tí ààlà yóò gbà.

"Níbí," Yẹ̀kínì ní, ó fi ìka tẹ pépà. "Kí ṣákiṣàki ẹ̀ má kọjá ibí."

Kàsímù fa ìlà lọ sétí ìka náà. Ọdún méjì ló ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yìí; òní ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ìka náà dán bí dígí. Kò sí ìlà kankan lórí rẹ̀. Ásíìdì ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wo ìka kejì, ó wo ìkẹta.

"Ó ti tó," Yẹ̀kínì sọ. "Kí lò ń wò?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n."

Ó tẹ orí ba, ó sì rọra fa ìlà tó kù.